Ẹ́kò ni, àbí MRI, àbí CT? Bá a ṣe ń wọn bí yàrá ọkàn ṣe tóbi tó

Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ wá àga jókòó. Iṣẹ́ ẹ́kò ni mo ń ṣe níbí ní Kàbbà, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọkàn látòde àyà pẹ̀lú jẹ́ẹ̀lì tútù yẹn, ohun tó sì jẹ́ kí n jókòó kọ eléyìí ni màmá kan tó wá láti apá Ìjùmú, tó tú rípọ́ọ̀tù méjì jáde látinú ọ̀rá dúdú, oṣù mẹ́ta péré ló wà láàárín wọn, ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ti ṣe wọ́n. Ọ̀kan ní EF ẹ̀, ìyẹn ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde, jẹ́ 38, èkejì ní 51. Màmá ti ṣọpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti dá oògùn ọkàn dúró, nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ mi ẹsẹ̀ ẹ̀ ti wú débi pé sálúbàtà ọmọ ẹ̀ ọkùnrin ló wọ̀ wá. Mo wo ìwé méjèèjì, mo tún un wò. Òṣùwọ̀n méjì ni wọ́n fi wọn ọkàn kan ṣoṣo.

Ẹ wò ó báyìí. Mudu la fi ń wọn gàrí lọ́jà wa níbí, tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìbàdàn kóńgò ni wọ́n máa gbé síwájú yín. Kò sẹ́ni tó máa ra mudu mẹ́ta ní Kàbbà, tó máa ra kóńgò mẹ́rin n'Íbàdàn, tó wá máa pariwo pé gàrí òun ti fi ọ̀kan lé sí i. Àmọ́ ohun tá à ń fi ọkàn ṣe nìyẹn lójoojúmọ́, àwa elẹ́kò, àwọn dókítà míì pàápàá, ká má tíì wá sọ aláìsàn. Torí náà mo fẹ́ mú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ibi tó ti máa ń tanni jẹ, àti ìgbà tó yẹ kéèyàn lò ó. Àwọn àbúrò mi tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ni mo ń bá wí jù, àmọ́ ẹni tí ìyá ẹ̀ tàbí bàbá ẹ̀ bá ní àìsàn ọkàn lè kà á, ó máa yé e.

Kí la tiẹ̀ ń wọ̀n?

Yàrá mẹ́rin ló wà nínú ọkàn, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Èyí tó wà nísàlẹ̀ lápá òsì ni ọ̀gá, òun ló ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara, òun náà sì ni ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń fìyà jẹ jù. Ẹ̀ẹ̀mejì la máa ń wọ̀n ọ́n, ìgbà tó kún dẹ́múdẹ́mú àti ìgbà tó fún ara ẹ̀ tán. Ká ní ó gba mililítà 140 nígbà tó kún, tó wá ku 90 nígbà tó fún un tán, 50 ló tì jáde nìyẹn. Ẹ fi 140 pín 50, ẹ máa rí nǹkan bí 36 nínú ọgọ́rùn-ún, òun ni wọ́n ń pè ní EF. EF yìí ni gbogbo ayé ń béèrè, àmọ́ ìwọ̀n méjì yẹn ló bí i, tí ọ̀kan nínú wọn bá ti wọ́, EF náà wọ́ nìyẹn, kò sí àlàyé míì.

Lọ́dún 2015 ẹgbẹ́ àwọn elẹ́kò ti Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù jọ gbé ìwọ̀n kan jáde fún ẹ́kò 2D, èyí tó ń ya àwòrán pẹlẹbẹ, tá a ní káàkiri yìí. Tí yàrá òsì ìsàlẹ̀ bá kún, tọkùnrin wà láàárín 62 sí 150 mililítà, tobìnrin láàárín 46 sí 106. EF ọkùnrin láti 52 dé 72, tobìnrin láti 54 dé 74. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri tẹ́ ẹ bá fẹ́, àmọ́ ẹ kọ ọ́ sí abẹ́ ẹ̀ pé ti ẹ́kò 2D nìkan ni, tẹ́ ẹ bá gbé e lé MRI, ẹ̀rọ tó ń fi òòfà ya àwòrán inú ara, lórí ẹ máa sọ ẹni tí ara ẹ̀ dá ṣáṣá di aláìsàn.

Ó tún ku ti bí ara èèyàn ṣe tóbi tó. Ọkàn ọ̀dọ́kùnrin gàgàrà tó ń kọ ebè iṣu ní Búnú àti ti ìyá arúgbó tí ò ju egungun lọ, wọn ò lè rí bákan náà. A máa ń fi ìwọ̀n awọ ara pín in: ẹ fi ìga ní sẹ̀ntímítà sọ ìwọ̀n kílò di púpọ̀, ẹ fi 3600 pín in, kí ẹ wá root ẹ̀. Ẹni tó ga 165, tó wọn kílò 60, á jẹ́ 1.66. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ wọn èèyàn fúnra yín, ẹ má béèrè lọ́wọ́ wọn, kò sẹ́ni tó máa sọ òótọ́ kílò ẹ̀ fún yín.

Ọ̀nà ilà kan ṣoṣo

Eléyìí ló rọrùn jù, òun ló sì ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Wọ́n máa fa ilà kan gba àárín yàrá yẹn kọjá, láti ògiri dé ògiri, ẹ̀rọ á wá fi fọ́múlà Teichholz sọ ilà yẹn di mililítà: ẹ mú ilà náà ní sẹ̀ntímítà, ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kẹ́ ẹ fi wọ́n sọ ara wọn di púpọ̀ (bíi 5 × 5 × 5), ẹ fi 7 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ wá ro 2.4 pọ̀ mọ́ ilà náà, kẹ́ ẹ fi àpapọ̀ wọn pín in. Ilà 5.0 á fún yín ní 118. Ilà 6.0 á fún yín ní 180. Ẹ wá wo ibi tó ti ń dunni, tí ọwọ́ yín bá gbọ̀n tẹ́ ẹ fi mílímítà kan ṣoṣo kún 6.0, ó ti di nǹkan bí 187, mililítà méje ti jáde látinú afẹ́fẹ́.

Èyí tó burú jùyẹn lọ ni pé ó gbà pé bó ṣe rí níbi tẹ́ ẹ fa ilà sí náà ló rí nísàlẹ̀. Ẹni tí ìdí ọkàn ẹ̀ ti kú, bóyá torí iṣan tó dí, àmọ́ tí òkè ẹ̀ ṣì ń fò sókè fò sódò, ilà yìí máa ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí màmá nìyẹn. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí igun ìwé kejì ní lẹ́tà wínníwínní, "Teich", ibẹ̀ ni 51 ti jáde. Kì í ṣe pé mo ní kẹ́ ẹ má lò ó rárá o, tí ọkàn bá rí rébété tí gbogbo ògiri ń ṣe dáadáa ó wúlò láti fojú díwọ̀n. Àmọ́ kéèyàn fi dá oògùn ẹnì kan dúró? Ẹ má dán an wò.

Ọ̀nà tá a ń gé ọkàn bí iṣu

Simpson ni gbogbo wa ń pè é, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ ọ̀gbẹ́ni oníṣirò kan báyìí, ará Ìlú Ọba. Ará ilé wa tó ti bẹ iṣu rí láti gúnyán, ó ti mọ̀ ọ́n tán. Iṣu kì í rí gbọọrọ bákan náà látòkè délẹ̀, ó ń fẹ̀, ó ń tín, àmọ́ tẹ́ ẹ bá gé e sí wẹ́wẹ́ 20 tó nípọn bákan náà, wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan ti fẹ́ẹ̀ẹ́ rí roboto, ẹ lè wọ̀n ọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ wá rò wọ́n pọ̀. Ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe gan-an nìyẹn. Ká ní ọkàn gùn ní sẹ̀ntímítà 8, wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan á nípọn ní 0.4. Ká ní wẹ́wẹ́ kan fẹ̀ tó 4.5 tá a bá wò ó láti ibi tí yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti hàn, tó fẹ̀ tó 4.2 tá a bá yí pròóbù, ìyẹn ọwọ́ ẹ̀rọ tá a ń tẹ̀ mọ́ àyà, síbi tí yàrá méjì péré ti hàn, ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, ẹ fi 0.785 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ fi 0.4 náà, ó jẹ́ mililítà 5.9. Ẹ̀rọ á ṣe 20 irú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é rèé. Ẹ jẹ́ kó fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, kó gbé ọwọ́ òsì sábẹ́ orí, kí àlàfo egungun ìhà lè là. Ẹ lẹ ECG, àwọn wáyà tó ń ka ìlù ọkàn, mọ́ ọn, ẹ má sọ pé kò sáyè. Ẹ wá ibi tí ìdí ọkàn ti ń lu àyà, ẹ gbé pròóbù síbẹ̀, ẹ ní kó mí síta kó dúró. Ẹ dín jíjìn àwòrán kù títí yàrá yẹn fi máa gba ojú sùkírínnì. Ẹ yan àwòrán tó kún jù, ẹ tọ ẹ̀gbẹ́ inú ògiri láti ẹnu fáfù, ìyẹn ilẹ̀kùn tó wà láàárín yàrá òkè àti ìsàlẹ̀, lápá kan, sọ̀ kalẹ̀ dé ìdí, padà gòkè sí apá kejì, ẹ fi ilà gbọọrọ pa ẹnu fáfù dé. Àwọn iṣan tó yọ sínú bí ìka àti wúruwùru ara ògiri, inú yàrá ni kẹ́ ẹ kà wọ́n sí, ẹ má tọ̀ wọ́n wọ kọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀. Ẹ ṣe ohun kan náà fún àwòrán tó kéré jù, kẹ́ ẹ tún yí sí yàrá méjì ṣe méjèèjì. Tí ọkàn ẹni náà bá ń lù ségesège, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìlù kan, ẹ ṣe márùn-ún ó kéré tán kẹ́ ẹ wá àárín wọn.

Ibi tí èmi fúnra mi ti ṣubú wá rèé. Ẹ ti mọ àwọn oníṣòwò kan tó máa ń fi òkúta gbá ìdí mudu wọnú, tẹ́ ẹ bá wò ó lókè mudu ni, àmọ́ ohun tó ń gbà ò pé. Tí pròóbù bá ga jù lórí àyà, ó máa dábùú gé ọkàn kó tó dé ìdí, ìdí òótọ́ ti wà níbi tẹ́ ẹ ò rí, ọkàn á wá kúrú, á rí bọ̀lọ̀kọ̀tọ̀, ìwọ̀n ẹ̀ á sì kéré. Ọdún kejì mi lẹ́nu iṣẹ́ ni mo ṣe irú ẹ̀ fún bàbá kan, mo kọ 92 fún un, tìdùnnú tìdùnnú, àwòrán dúdú fúnfún tó mọ́ gaara báyìí, ọ̀gá mi wá ki pròóbù bọ àlàfo egungun kan nísàlẹ̀, ó tì í síta díẹ̀ sí abẹ́ apá, ọkàn gùn gbọọrọ lójú mi, 131! Ó kàn wò mí ni, kò bú mi. Ì bá tiẹ̀ bú mi.

Bẹ́ ẹ ṣe máa dá a mọ̀: ìdí ọkàn tòótọ́ máa ń tẹ́ẹ́rẹ́, kì í fi bẹ́ẹ̀ mira. Tẹ́ ẹ bá rí ìdí tó nípọn, tó rí roboto, tó ń fún wọnú bí ẹni ń fún ọsàn, irọ́ ni, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Kẹ́ ẹ tún wo gígùn ọkàn nínú àwòrán méjèèjì, tí ìyàtọ̀ wọn bá ti kọjá ìdá kan nínú mẹ́wàá, ọ̀kan nínú wọn ò dé ìdí.

Àwọn míì wà tí ògiri ọkàn wọn ò ní hàn, ó lè jẹ́ ara tó sanra, ó lè jẹ́ ẹ̀dọ̀fóró tó bo ọkàn. Oògùn àwòrán kan wà tó ní ìfófòó afẹ́fẹ́ kéékèèké bíi ti ọṣẹ, wọ́n á fà á sí iṣan, inú yàrá á funfun báláú, ògiri á dúdú. Tí abala ògiri méjì tó fara kanra ò bá hàn ló yẹ kéèyàn lò ó. Ó ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa, èmi ò ní i, mo kàn máa ń kọ ọ́ gbangba pé mi ò rí ògiri báyìí báyìí, mi ò lè wọ̀n ọ́n. Ó sàn kéèyàn kọ bẹ́ẹ̀ ju kó fojú inú ya ọkàn ọlọ́kàn.

Nípa bọ́tìnnì tó ń fúnra ẹ̀ wọ̀n ọ́n lórí àwọn ẹ̀rọ tuntun, mi ò bá a jà, mo máa ń tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ ẹ wo ilà tó fà kẹ́ ẹ tó gbà á, ó ti bá mi tọ fáfù wọnú yàrá òkè rí, ó sì fún mi ní nọ́ńbà pẹ̀lú ìgboyà bíi lọ́yà.

Àṣìṣe tún wà tí kì í ṣe tẹnì kankan. Ẹ̀yin kan náà, ẹ̀rọ kan náà, ẹni kan náà, tẹ́ ẹ bá ṣe Simpson lónìí tẹ́ ẹ tún un ṣe lóṣù tó ń bọ̀, EF lè fi nǹkan bíi 10 yàtọ̀ láìjẹ́ pé nǹkan kan yí padà nínú ọkàn. Torí náà tó bá ti 45 bọ́ sí 49, ẹ má jó.

3D

Ẹ̀rọ 3D ò ní gé iṣu kankan, gbogbo iṣu ló máa gbé lẹ́ẹ̀kan. Kò ní méfò pé báyìí ni ìrísí ọkàn rí, wàhálà ìdí tó kúrú yẹn sì dín kù gan-an, tẹ́ ẹ bá tún un ṣe ìyàtọ̀ ẹ̀ kéré sí ti 2D. Tẹ́ ẹ bá láǹfààní ẹ̀ ẹ lò ó, pàápàá fún ẹni tí wọ́n ń fún ní oògùn jẹjẹrẹ tó lè ba ọkàn jẹ́, irú àwọn tó pupa bíi doxorubicin yẹn, tó jẹ́ pé kí EF ti ibi tó dáa já ju 10 lọ wá sí abẹ́ 53 ti tó ohun tí dókítà ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ lọ́jọ́ náà. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń kó ìlù mẹ́rin tàbí mẹ́fà jọ rán pọ̀ bí aṣọ, tí ẹni náà bá mí tàbí tí ọkàn ẹ̀ ń lù ségesège, ojú rírán á hàn gbàgàdà láàárín àwòrán. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ dà á nù kẹ́ ẹ tún un gbà.

MRI, ọba àwọn òṣùwọ̀n

Òun ni gbogbo wa fi ń dán ara wa wò. Kò sí ìtànṣán nínú ẹ̀, kò bìkítà bóyá èèyàn sanra tàbí ẹ̀dọ̀fóró bo ọkàn. Wọ́n á gé ọkàn ní ìbú láti ẹnu fáfù dé ìdí, nǹkan bíi wẹ́wẹ́ 10 sí 12, mílímítà 6 sí 8 ni ìpọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo ẹ̀ ń mira bíi fíìmù. Wọ́n á tọ inú ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí ojú wẹ́wẹ́ kan bá fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà onígun mẹ́rin (cm²) 15, tí ìpọn ẹ̀ jẹ́ 0.8, mililítà 12 nìyẹn, wọ́n á rò ó pọ̀ mọ́ ìyókù.

Ẹ má rò pé ọba ò lè ṣìnà. Wẹ́wẹ́ tó wà lókè pátápátá níbi fáfù, apá kan ẹ̀ jẹ́ yàrá ìsàlẹ̀, apá kan jẹ́ yàrá òkè, tí ọkàn bá sì fún, fáfù á wálẹ̀, wẹ́wẹ́ tó wà nínú tẹ́lẹ̀ á ti bọ́ síta. Tí ojú ẹ̀ bá fẹ̀ tó cm² 20, kí wọ́n kà á tàbí kí wọ́n má kà á, mililítà 16 ló wà níbẹ̀. Òfin tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé ni pé tí ìdajì etí ẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá jẹ́ iṣan yàrá ìsàlẹ̀, ẹ kà á. Ẹni tó bá ń kà á gbọ́dọ̀ dúró lórí òfin kan, tó bá ṣe ẹlẹ́ẹ̀kíní báyìí tó ṣe ẹlẹ́ẹ̀kejì báyẹn, a ò tíì kúrò lójú kan.

Kí ló dé tí MRI fi máa ń tóbi ju ẹ́kò lọ? Wúruwùru ara ògiri tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni. Ojú ẹ́kò ò mú tó, ó máa ń da wúruwùru yẹn pọ̀ mọ́ ògiri, a óò wá tọ ilà wa sínú jù. MRI rí i pé ẹ̀jẹ̀ ń sàn láàárín wọn. Torí náà tí ẹ́kò bá ní 120 tí MRI ní 150 fún ẹni kan náà, kò sẹ́ni tó purọ́, ọkàn náà ò sì wú láàárín ọjọ́ méjì.

Tẹ́ ẹ bá máa lọ ṣe é, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Yàgbà, Ìsánlú, Mọ̀pà, Ẹ̀gbẹ̀, ọ̀pọ̀ yín á kọrí sí Ìlọrin, àwa ti Kàbbà sì máa ń gba Ọbájànà lọ sí Lọ́kọ́ja, ká tó máa lọ Àbújá. Ẹ fi fóònù pè kẹ́ ẹ tó wọkọ̀! Ẹ má béèrè pé ṣé ẹ ní MRI, ẹ béèrè pé ṣé MRI yín ń ṣe ọkàn, ṣé dókítà tó ń kà á wà, torí ẹ̀rọ tó ń ṣe orí àti eegun ẹ̀yìn pọ̀ tí kò ní ohun tá a fi ń bá ìlù ọkàn rìn. Mo mọ ẹni tó san owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ torí ẹ̀. Ẹ sọ fún wọn tí pésìmékà, ẹ̀rọ tó ń bá ọkàn lù, bá wà láyà, tàbí irin nínú ọpọlọ, tàbí ẹ̀rọ inú etí, àwọn kan nínú ẹ̀ MRI ò gbọdọ̀ sún mọ́ wọn, àwọn kan wà tí wọ́n ṣe pọ̀ mọ́ ọn, ẹ mú káàdì ẹ̀ dání. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń mí síta kí wọ́n sì dúró, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ fi dánra wò nílé, torí ẹni tí ẹ̀mí ẹ̀ ń já lè má lè ṣe é, tí kò bá sì lè ṣe é àwòrán á dàrú. Tó bá jẹ́ ìwọ̀n yàrá nìkan ni wọ́n fẹ́, kò nílò kí wọ́n fa dáì sí yín lára. Tí wọ́n bá fẹ́ wo àpá inú iṣan ọkàn ni wọ́n á fà á.

CT àti ti ìtànṣán

CT, ẹ̀rọ tó ń fi X-ray ya inú ara ní wẹ́wẹ́, máa ń rí ìrísí ọkàn kedere, àmọ́ ó nílò dáì ayódínì, ìtànṣán wà níbẹ̀, kídìnrín sì gbọ́dọ̀ dáa, kẹ́ ẹ ti ṣe tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ ṣáájú. Ọkàn tó ń sáré kì í bá a lára mu, wọ́n lè fún yín ní oògùn tó ń dẹ ìlù ọkàn lọ́wọ́, torí náà ẹ sọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá ní ikọ́ fée. Àbùkù ẹ̀ lórí ìwọ̀n ni pé kò yára tó ẹ́kò láti ya àwòrán, ìgbà tí ọkàn bá fún tán lè ti kọjá kó tó yà á, ìwọ̀n kékeré yẹn á wá tóbi díẹ̀, EF á sì rẹlẹ̀ díẹ̀. Èmi ò ní rán ẹnikẹ́ni lọ ṣe CT torí ìwọ̀n yàrá nìkan. Àmọ́ tí wọ́n bá ti fẹ́ fi wo iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn tẹ́lẹ̀, ẹ béèrè ṣáájú kí wọ́n ya gbogbo ìlù látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìwọ̀n á jáde lára ẹ̀.

Èkejì ni èyí tí wọ́n ń fi technetium-99m, èròjà kan tó ń tú ìtànṣán jáde, sàmì sí sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ yín, tí kámẹ́rà á máa ka ìtànṣán tó ń jáde látinú yàrá ọkàn. Tí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ níbẹ̀ ìtànṣán á pọ̀, tó bá dín kù á dín kù, kò nílò kéèyàn méfò ìrísí kankan, EF ẹ̀ sì máa ń dúró lójú kan tí wọ́n bá tún un ṣe. Lọ́dọ̀ wa Ìbàdàn, ní UCH, lorúkọ ẹ̀ ti wọ́pọ̀ jù. Ó jìnnà, ìtànṣán sì wà níbẹ̀, mi ò rò pé ẹni tó lè rí MRI nílò ẹ̀.

Àwọn yàrá yòókù

Yàrá òkè lápá òsì, ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tó kún jù, kí fáfù tó ṣí díẹ̀, ẹ yọ ẹnu àwọn iṣan ẹ̀dọ̀fóró àti àpò kékeré ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ tó rí bí etí kúrò nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi ìwọ̀n awọ ara pín in tó kọjá mililítà 34, ó ti wú, bóyá ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá a fínra látọjọ́ pípẹ́.

Yàrá ìsàlẹ̀ ọ̀tún ni kò gbà fún ẹnikẹ́ni. Kò rí bí iṣu, kò rí bí ẹyin, ṣe ló pọ́n mọ́ ara yàrá òsì bí àpò tí wọ́n so mọ́ ẹ̀gbẹ́ agbè, 2D ò lè wọn mililítà ẹ̀, ẹni tó bá kọ ọ́ síwèé fún yín ẹ béèrè ibi tó ti rí i. A kàn ń wo bí fáfù ẹ̀ ṣe ń wálẹ̀ tó, tó bá kéré sí mílímítà 17 kò dáa. Ẹni tó bá nílò ìwọ̀n gidi, bí ọmọ tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún rí, ẹ rán an lọ MRI, tàbí 3D.

Èwo wá ni kẹ́ ẹ yàn?

Ẹ béèrè ohun tẹ́ ẹ fẹ́ mọ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ wú, èémí ń já, ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ọkàn ló ń ṣe é, ẹ́kò pẹ̀lú Simpson ti tó, ẹ má lọ tà ilẹ̀ torí MRI. Tó bá jẹ́ ìyá ọlọ́mọ tuntun tí ọkàn ẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, tẹ́ ẹ fẹ́ máa wò ó lóṣooṣù, ẹ́kò náà ni, àmọ́ ẹ̀rọ kan náà, ọ̀nà kan náà, tó bá ṣeé ṣe ọwọ́ kan náà. Tí wọ́n bá fẹ́ fi nọ́ńbà yẹn pinnu nǹkan ńlá, bíi kí wọ́n ri ẹ̀rọ mọ́ àyà tàbí kí wọ́n pààrọ̀ fáfù, tí nọ́ńbà náà sì ń fì síhìn-ín fì sọ́hùn-ún lẹ́nu ààlà, ìgbà yẹn ni owó MRI tó ná.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ nǹkan wọ̀nyí sínú rípọ́ọ̀tù, tí wọn ò bá kọ ọ́ ẹ dá a padà: ọ̀nà tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n, mililítà méjèèjì kì í ṣe EF nìkan, ìga àti kílò, bí ọkàn ṣe ń lù lọ́jọ́ náà, ẹ̀jẹ̀ ríru ọjọ́ náà, àti bí àwòrán ṣe mọ́ sí. Ẹ tún gba àwòrán fúnra ẹ̀ sórí CD tàbí fláàṣì. Ìwé nìkan ò ràn mí lọ́wọ́, tí mo bá rí àwòrán mo lè tún un tọ̀ fúnra mi kí n wá mọ̀ bóyá nǹkan yí padà.

Fún màmá Ìjùmú, ináa wa ò sí lọ́jọ́ náà, jẹnẹrétọ̀ la tàn. Mo sọ̀ kalẹ̀ dé àlàfo egungun kẹfà kí n tó rí ìdí ọkàn ẹ̀, ìdí náà ò mira rárá, ó kàn ń wo òkè. Mo ṣe Simpson lẹ́ẹ̀mẹ́ta, 37, 40, 39. Mo fi bírò kọ "Simpson" gàdàgbà sórí ìwé tuntun, mo kọ "ilà kan" sórí ìwé tó ní 51, mo ká a mọ́ ìwé àkọ́kọ́ fún un, ọmọ ẹ̀ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, torí sálúbàtà ẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ màmá.